Mílíìkì Orí Ewé Àjàrà

Bí Adégbénró bá ti ti iṣẹ́ òru ní wéáháòsì Union City dé sílé wọn ní Lithonia, ní Amẹ́ríkà, láràárọ̀ Sátidé, kì í bọ́ bàtà kó tó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìdí àjàrà ìyàwó rẹ̀ ló ń lọ. Olúwafẹ́misí ló gbin àjàrà náà, òun ló sì ń fi èso rẹ̀ ṣe wáìnì ìdàpọ̀ mímọ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ní ohun tí àwọn fi ń rántí ẹ̀jẹ̀ Olúwa, kẹ́míkà kankan ò gbọdọ̀ kàn án. Kí ewé má baà hu funfun bí ẹni da páúdà sí i, á rẹ́ ewé tó bá dí kí atẹ́gùn lè ráyè, á po mílíìkì mọ́ omi, á fín in sí ìyókù.

Ìgbà òtútù ni wọ́n sin Olúwafẹ́misí. Adégbénró ò sunkún. Àwọn èèyàn ní ó mà lọ́kàn o! Ọkàn wo? Ẹkún náà ni ò wá.

Nígbà tí àjàrà náà tún rúwé, Pásítọ̀ sọ fún un pé, “Brother, ẹ má da ara yín láàmú nítorí àjàrà mọ́. A ti ń ra wáìnì ní stọ́ọ̀.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Lọ́jọ́ náà gan-an, ó ra mílíìkì bọ̀ wálé.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, Praise ọmọ rẹ̀ da sírìàlì sínú abọ́, ó ṣí fìríìjì, ó na ọwọ́ sí mílíìkì.

“Fi í sílẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ti mummy ẹ ni.”

Láti ọjọ́ ìsìnkú, Adégbénró ò tíì mẹ́nu ba ìyàwó rẹ̀ rí. Praise rọra pa fìríìjì dé, ó sì jẹ sírìàlì rẹ̀ ní gbígbẹ.