Etí Àgbò Tí Mo Gé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ilora níbí, àgùntàn pọ̀ nígboro ju ọ̀kadà tí ẹ̀ ń rí lónìí lọ. Àárín títì ni wọ́n ń sùn sí. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò bọ̀ láti Fìdítì á fọn fèrè títí, yóò sọ̀ kalẹ̀, á fọwọ́ ara ẹ̀ lé wọn kúrò kó tó lè kọjá. Kì í sì í bú wọn. Ta ló fẹ́ bú ẹran tí kò mọ ẹni tó ni ín? Bóyá ti ìyá ìyàwó ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Fìdítì tí ẹ wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń sin àgùntàn máa pawọ́ pọ̀ tà á. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wà ní Ilora láyé ijọ́un fi tú. Mo fún yín lómi mu, mo ní ó ti pẹ́, mi ò rántí mọ́. Irọ́ ni mo pa fún yín. Mo rántí ẹ̀ ju oúnjẹ tí mo jẹ lánàá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ ọmọ mi wá jókòó, kó máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kò gùn.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo gbé dàgbà. Màmá là ń pè é. Àwọn obìnrin ló sábà máa ń sin àgùntàn nígbà náà. Ọkùnrin á gba oko iṣu lọ, obìnrin á ní abo àgùntàn méjì tàbí mẹ́ta tó ń jẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé. Iṣẹ́ ẹ̀ ò le, àmọ́ kò ní ìsinmi. Èmi ni mo ń gbá ìgbẹ́ wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, èmi ni mo ń lọ tọrọ èèpo ẹ̀gẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gàrí, tí màá sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kó má bàa pa ẹran. Èmi náà ni mo ń já ewé ìyeyè. Akọ tó bá dáa lójú nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí, Màmá á so ó mọ́lẹ̀, á máa bọ́ ọ lọ́tọ̀ títí Iléyá yóò fi dé. Kristẹni ni wá, Aládùúrà, a kì í ṣọdún Iléyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ń retí oṣù Iléyá bíi Màmá.

Títà ẹ̀ ni wàhálà. Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn alárọ́bọ̀ á ti wọ̀lú. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń yà. Wọ́n á sọ fún ìyá kan pé ìyá tó wà lódìkejì ti ta tiẹ̀ ní pọ́ọ́kú, wọ́n á tún sọ ohun kan náà fún ìyá tó wà lódìkejì. Àwọn ìyá yìí ò sì ní bi ara wọn, torí ojú ń ti kálukú láti sọ iye tí wọ́n fi rẹ́ òun jẹ. Àwọn alárọ́bọ̀ á kàn máa kọrin ọdún lọ ni.

Ọkùnrin kan ló fòpin sí i. Ó ti bá àwọn alájẹṣẹ́kù oníkòkó ṣiṣẹ́ lápá Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì wálé. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Ó ga, ó gbẹ, ẹ̀rín ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ó pe gbogbo ọlọ́sìn jọ, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ó ní kẹ́nikẹ́ni má ta ẹran nílé mọ́. Kí gbogbo ẹran jọ jáde lọ́jọ́ kan náà sórí pápá tó wà lẹ́bàá títì Ọ̀yọ́, kí ẹnu gbogbo wa ṣe ọ̀kan lórí iye tí a máa pè é. Wọ́n fi òun fúnra ẹ̀ ṣe alága. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn alárọ́bọ̀ bínú kúrò lórí pápá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń pa ẹran gan-an fúnra wọn dé láti Ìbàdàn. Háà, ẹ ò bá rí àwọn ìyá wa lọ́jọ́ yẹn! Ẹni tí kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì jó lórí pápá.

Ohun kan ló bà á jẹ́ díẹ̀. Alága máa ń yẹ ẹran wò kí ọjọ́ títà tó pé, á sì fi ọ̀dà kun èyí tó bá yege lẹ́yìn. Ẹnì kan mú àgbò tó sanra wá fún àyẹ̀wò, ó wá lọ kun ọ̀dà sẹ́yìn èyí tó rù nílé, ìyẹn ló mú wá sọ́jà. Ojú ti gbogbo ẹgbẹ́ níwájú oníbàárà. Nítorí náà lọ́dún kejì, alága ní ọ̀dà ò tó mọ́, etí ni ká máa gé, torí ọgbẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́yìn àyẹ̀wò ò ṣeé fi pamọ́, kí òun kọ ọ́ sínú ìwé pé ti lágbájá nìyí. Kí olúkúlùkù gé ṣóńṣó etí ọ̀tún ẹran ẹ̀ nílé, kó má ju bí èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó di etí ara ẹ̀ mú, ó fi hàn wọ́n. Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni ìpàdé yẹn, àwọn Mùsùlùmí ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí, èèyàn ò pọ̀. Màmá wà níbẹ̀. Nígbà tó délé, ó di etí tèmi mú, ó ní, “Ṣóńṣó báyìí ni o. Bí mo bá ti ibi àdúrà òwúrọ̀ dé lọ́la, màá gé e.”

Kí ẹ tó gbọ́ èyí tó kù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àgbò yẹn jẹ́ fún Màmá. Páànù yàrá ẹ̀ ti jẹrà. Ògiri ẹ̀yìn ti ń mu omi, ó ti là. Iléyá ọdún yẹn sì bọ́ sí ìgbà tí òjò ń múra àtibẹ̀rẹ̀. Àgbò yẹn ni páànù tuntun. Bí kò bá tà, ògiri yóò wó, bóyá lé Màmá lórí, bóyá lé àwa méjèèjì.

Mi ò ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mo sì fẹ́ràn ìyìn bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn iyọ̀. Mo ní kí Màmá tó dé, màá ti ṣe é, kó lè pè mí ní ọmọ tó mọṣẹ́. Mo mú abẹ, mo fi itan há àgbò, mo gé ṣóńṣó etí ẹ̀ bí wọ́n ṣe wí gẹ́lẹ́. Ká ní mo dúró níbẹ̀! Àmọ́ ó wọ́, kò dọ́gba. Mo ní kí n tún un ṣe. Bí mo ṣe fi abẹ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, àgbò ju orí. Ìdajì etí ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, mo ń bu eérú lé e, mo ń sunkún.

Màmá wọlé, ó wo etí, ó wò mí. “Háà,” ni gbogbo ohun tó sọ. Kò tíì gbé Bíbélì ẹ̀ kalẹ̀ tí ìyá Mùsùlùmí kan, aládùúgbò wa tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́, fi ń kọjá pẹ̀lú omi lórí. Ó rí àgbò. Ó ké, “Yéè! Ta ló ṣe èyí? Ẹran làyà! Ẹran tí wọ́n gé létí báyìí ò ṣeé pa níléyá o!” Ó sọ omi kalẹ̀, ó sáré láti ilé dé ilé, ó ń kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má gé nǹkan kan. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé nínú gbogbo ẹran ẹgbẹ́, tiwa nìkan ló fara gba abẹ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ pé síwájú ilé alága. Àgbàlagbà alùfáà kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ etí náà wò. Ó ní, “Ká ní ṣóńṣó lásán ni, a ì bá gbójú fò ó, kò bà á jẹ́. Ìdajì ti lọ. Èyí ò pé mọ́.” Ariwo sọ. Alága ní ṣóńṣó lòun wí. Ẹnì kan ní kò sọ bẹ́ẹ̀, etí lásán ló wí. Àwọn tí kò sí nípàdé ló ń pariwo jù. Ọ̀kan tilẹ̀ ní, “Aládùúrà tí kò mọ nǹkan kan nípa làyà ló ń pàṣẹ fún wa!” Ìyẹn ló dun alága jù, mo rí i lójú ẹ̀.

Ó yíjú sí Màmá. “Màmá, ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo wí?”

Màmá tún gèlè ẹ̀ wé. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Bí ẹ ṣe wí la ṣe gé e.”

Alága wá wò mí níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. “Ìwọ ńkọ́? Ta ló gé etí yìí?” Mo ní, “Mi ò mọ̀, sà.” Ẹ̀jẹ̀ àgbò ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Ó wo ọwọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó rí i, torí ó wò ó pẹ́. Ká ní ó sọ ọ́ síta, àwọn èèyàn yóò gbà á gbọ́. Kò sọ ọ́. Ó kàn jókòó, ó ní, “Ó dáa. Èmi ni mo wí i. Ẹ̀bi mi ni.” Ó wọ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ lọ, ó fa àgbò tiẹ̀ jáde, ó fi okùn ẹ̀ lé Màmá lọ́wọ́. “Ẹ mú èyí dé orí pápá dípò tiyín.” Bí wọ́n ṣe ta ẹran tán lọ́dún yẹn, ó kúrò nípò alága.

Àgbò ẹ̀ ló di páànù wa. Ògiri ò wó. Mo sùn lábẹ́ páànù yẹn títí mo fi lọ sílé ọkọ, òjò kan ò sì rọ̀ lé e lórí kí n má rántí ojú ọkùnrin yẹn. Mo bi Màmá lọ́jọ́ kan tí a jọ ń bẹ ẹ̀gẹ́, mo ní kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, “Alága ò bí mi, èmi náà ò bí alága. Èmi ni mo bí bàbá rẹ. Bí mo bá ní ìwọ ni, orúkọ tí ìlú yìí máa fi máa pè ọ́ títí wàá fi kú nìyẹn. Má bi mí mọ́.” Mi ò bi í mọ́. Mi ò dá a lẹ́bi, mi ò sì dá a láre.

Ẹgbẹ́ ò pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. Alága tuntun tí wọ́n yàn ń ta ẹran tiẹ̀ níkọ̀kọ̀ fún alárọ́bọ̀ kan náà tí a jọ ń sá fún. Nígbà tí àwọn ìyá gbọ́, kálukú gba ilé ẹ̀ lọ, a sì padà sí ojúlé dé ojúlé. Títí dòní, bí ẹ bá bi àwọn àgbààgbà ìlú, wọ́n á ní Aládùúrà kan ló ba ẹgbẹ́ alágùntàn jẹ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ayé ti yí. Àgùntàn ò sùn sí títì mọ́, inú ọgbà ni wọ́n wà. Mi ò ní ṣe bíi pé ti àtijọ́ sàn jù o, torí mi ò lè ka iye ìgbà tí ẹran aládùúgbò jẹ èlùbọ́ tí a sá sóòrùn. Orí fóònù lẹ ti ń fi àwòrán àgbò han ẹni tó wà ní Èkó, kó tó jí lọ́jọ́ kejì ó ti sanwó. Ẹ ní rọ́bà yẹ́lò kékeré báyìí lẹ máa so mọ́ wọn létí, ẹ̀rọ ló ń lu ihò ẹ̀, kò ju orí ìṣó lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo yín pé kí ẹ tó fẹnu kò, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí sílẹ̀. Fóònù ò ní kí èèyàn má purọ́.

Alága ti kú, ó ti pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀ ṣe ìrántí ẹ̀ ní ìjọ wa. Wọ́n ní kí èmi tí mo dàgbà jù wá sọ̀rọ̀ nípa bàbá wọn. Mo dìde, mo di àga iwájú mi mú. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo ní, “Bàbá yín, olóòótọ́ èèyàn ni.” Ìjọ ṣe àmín, mo jókòó. Lẹ́yìn ìsìn, àkọ́bí ẹ̀, tí irun tiẹ̀ náà ti funfun, wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ẹ ṣeun, Màmá. Nínú gbogbo ìlú yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ rere nípa bàbá wa rí.”