Ọwọ́ Mẹ́rin Lórí Ọ̀pá Ìpẹja Kan

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Daddy Francis, ṣùgbọ́n kò pẹja rí títí ó fi dé London. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ apẹja ló lé e lọ sí ilé ìwé kí ó má baà fọwọ́ kan àwọ̀n. Iṣẹ́ òyìnbó ni bàbá náà fẹ́ fún un, iṣẹ́ òyìnbó náà ló sì ṣe. Láti ọdún 1956 ló ti ń lọ́ wáyà ní iléeṣẹ́ kan létí odò ní Woolwich, títí wọ́n fi ní kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí mo háyà yàrá kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní Glyndon Estate, takisí ni mo ń wà, ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ apẹja kan, Daddy Francis sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ ni wọ́n ṣe ń pẹja. Bí oṣù September bá ti dé, wọ́n á lọ sí odò kan ní òkè téńté Scotland, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí títì, wọ́n á gba amọ̀nà tó mọ odò náà, wọ́n á sì máa lépa ẹja tí wọ́n ń pè ní sáàmọ́nù. Tí wọ́n bá padà, wọ́n á ṣe ìpàdé ní yàrá òkè ilé ọtí kan nítòsí Woolwich Ferry. Ẹni tó bá dá sáàmọ́nù mú, láti ìgbà tí ẹja gbé ìwọ̀ títí tó fi wọ inú àwọ̀n, á dìde dúró, á ròyìn, gbogbo ilé á dákẹ́. Ẹni tí kò bá tíì mú un rí á jókòó, á máa gbọ́. Bí ẹlòmíràn bá sì fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ nígbà tí ẹja wà lẹ́nu ìwọ̀, ẹja náà kì í ṣe tìrẹ mọ́.

Ó lé ní ogún ọdún tí Daddy Francis fi jókòó. Tráútì ló máa ń mú, ẹja kékeré alámì tótòtó tí kì í mú ẹnikẹ́ni dìde. Àwọn ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn àga tó ti pẹ́ nínú ilé. Wọ́n á bi í pé ṣé sáàmọ́nù kì í rí i ni. Á ní wọ́n ń rí òun, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni.

Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà sọ fún un pé kò ní dáwọ́ dúró, yóò máa le sí i ni. Ìgbà náà ni Daddy sọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ dìde dúró nínú yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọwọ́ òun tó kọ̀ fún òun pátápátá. September 1990 nìkan ló kù fún un.

Idiat, ìyá Kàfí, ará Ìjẹ̀bú tó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti Plumstead dé Thamesmead, ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóògùn. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

"Daddy, ẹja kún Plumstead High Street. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́, kí n bá yín rà á."

"Èyí tó wà níbẹ̀ ti kú, Ìyá Kàfí."

"Èyí tí ẹ fẹ́ lọ mú ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ bá a ṣeré ni?"

"Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni."

Idiat ní tí òun kò bá tẹ̀ lé e, òkú rẹ̀ ni wọ́n máa gbé bọ̀. Báyìí ni mo ṣe wa àwọn méjèèjì lọ, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata wà nínú kúlà lẹ́yìn ọkọ̀.

Àwọn ará ẹgbẹ́ yòókù wà ní ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú amọ̀nà tiwọn; amọ̀nà tó pàdé wa ń jẹ́ Murdo, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ tí kò bá nídìí. Ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa la pápá ẹrẹ̀ kọjá. Nígbà tí a dé ibi tí mọ́tò kò ti lè lọ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn Daddy Francis, ó ń lọ. Idiat dúró sójú kan. Ó ní láyé òun, òun kò rò pé òun máa rí òyìnbó tó pọn bàbá dúdú. Daddy dáhùn láti ẹ̀yìn Murdo pé kí ó má wulẹ̀ sọ ọ́ ní Woolwich, wọ́n máa ní irọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni a rí odò.

Mo ti ka ìwé nípa irú ibẹ̀. Ìwé náà kò sọ nǹkan kan. Omi náà pupa bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ó sì mọ́ débi pé èèyàn lè rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkè wà ní apá ọ̀tún, òkè wà ní apá òsì, kò sí igi lórí wọn. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ní ìwúwo. Lókè odò, omi ń já láti orí àpáta tó ga ju ọkùnrin méjì lọ, ẹja sì ń fò sí i. Wọn kì í fò bí ẹni tó ń ṣeré. Wọn á ta gìrì jáde, wọn á fi ara gbá àpáta, wọn á já bọ́, wọn á tún fò. Murdo ní abẹ́ òkúta lókè ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n kéré bí ìka nígbà tí wọ́n lọ sínú òkun, wọ́n sì lo ọdún mélòó kan lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n imú ni wọ́n fi mọ omi tí wọ́n bí wọn sí láàárín gbogbo omi ayé. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kúrò nínú omi iyọ̀, wọn kì í jẹun mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé ìwọ̀ nígbà náà. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀, pé bóyá ìbínú ni.

Idiat ní Subhanallah. Èmi bọ́ fìlà mi. N kì í ṣí fìlà fún nǹkan.

Ọjọ́ méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹta, Daddy wà nínú omi tó dé ìbàdí, ó wọ aṣọ rọ́bà tó dé àyà, Idiat wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú kí omi má gbé e lọ. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi wé ìwọ̀ náà kí ó lè jọ kòkòrò. Ọwọ́ Daddy ń gbọ̀n lórí ọ̀pá, gbígbọ̀n náà ń gba ara okùn lọ, ìyẹ́ náà sì ń gbọ̀n nínú omi. Murdo rọra sọ fún mi pé òun kò rí i rí tí kòkòrò èké jọ ààyè tó báyìí.

Ọ̀pá tẹ̀. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò lára kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ká a mọ́ pẹ̀lú ariwo tí kò dẹwọ́. Ẹja náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ara rẹ̀ jáde, ó tàn bíi dígí, ó sì gun odò lọ. Daddy Francis ń kérora. Iṣan ọrùn rẹ̀ le.

Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ìjẹ̀bú kò lè dúró máa wo àgbà tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn. Idiat kò rò ó. Ó jọ̀wọ́ bẹ́líìtì náà, ó na ọwọ́ méjèèjì kọjá èjìká rẹ̀, ó di ọ̀pá mú.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, Daddy."

Murdo rí i. Ó yí ojú sí òdìkejì odò, kò sì yí i padà.

"Ìyá Kàfí, fi í sílẹ̀."

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Daddy."

"Ó ń gbọ̀n. Fi í sílẹ̀ kó gbọ̀n."

Ó fi í sílẹ̀. Ó tún di bẹ́líìtì mú, ó ń sunkún, torí ó rò pé òun ṣe àfojúdi sí bàbá ni. Daddy nìkan ló bá ẹja náà jà láti ibẹ̀ lọ. Tó bá fẹ́ lọ, Daddy á jẹ́ kó lọ. Tó bá sinmi, á fà á díẹ̀. Òòrùn kúrò lórí omi kí ó tó gbà. Nígbà tó wọ inú àwọ̀n, ó gùn tó apá mi láti èjìká dé ìka, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ fàdákà tó ń di bàbà, ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin. Ẹlẹ́yin kì í ṣe pípa lórí odò yẹn. Daddy kúnlẹ̀ nínú omi, ó yọ ìwọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ó sì gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí ń gbọ̀n títí èémí rẹ̀ fi padà. Ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ Daddy ṣófo.

Murdo ní òdìkejì odò ni òun ń wò, òun kò rí nǹkan kan. Èmi náà ní n kò rí nǹkan kan.

Lójú ọ̀nà ilé ni mo tó ṣàlàyé òfin ẹgbẹ́ nípa fífọwọ́ kan ọ̀pá fún Idiat. Inú bí i. Ó ní àwọn tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bímọ, wọn kò mọ ohun tí ọmọ ń ṣe fún bàbá. Ó ní bí Daddy bá tún mú òmíràn lọ́la, òun máa tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìpàdé wọn, mo ran Daddy lọ́wọ́ gun àtẹ̀gùn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi í léèrè. Ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín orúnkún, ó ní òun kò rí tòun mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan gbá a léjìká, ẹlòmíràn dìde, ilé dákẹ́ fún un.

Nínú ọkọ̀ mo sọ fún un pé ìwà òmùgọ̀ ló hù. Mo ní òun ló bá a jà, òun ló mú un, àwọn èèyàn yẹn kò sì yẹ fún òótọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Bí mo bá dìde," ni ó wí, "mo ní láti gé ọwọ́ Idiat kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà kí n tó sọ ọ́. Ọwọ́ tó ń wẹ̀ mí."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ bó ṣe rí, tọwọ́ tọwọ́.

"Wọ́n á fi Idiat rẹ́rìn-ín."

Òótọ́ ni, wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín. N kò tíì dárí ẹ̀rín náà jì wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rín in.