Ilé Ìtọ́tè Tó Wá Láti Ẹdúnàbọ̀n

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Bí mo bá ti ìdérí rẹ̀ mọ́ ọn, á dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá fi ahọ́n ta òkè ẹnu láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo rántí bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ilé ìyá mi ní Ìlódè, tí mo ń ṣí i, tí mo ń pa á dé, títí ìyá mi fi béèrè láti inú yàrá pé kí ló ń dún bẹ́ẹ̀. Mo ní ọrọ̀ wa ló ń dún. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ẹni tó bá ti lè sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti di oníṣòwò nìyẹn.

Ìtọ́tè ni mo ń ṣe, èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì ń pè ní lípsítíìkì. Mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Òrí, ìda oyin, epo àgbọn àti àwọ̀ pupa ni mo máa ń yọ́ pọ̀ lórí sítóòfù ní ẹ̀yìnkùlé, n ó sì dà á sínú ike. Ìtọ́tè náà dára. Èmi kọ́ ni mò ń yin ara mi, àwọn tó ń rà á ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ike rẹ̀ ni kò dára. Ó fúyẹ́, ó sì máa ń là bí oòrùn bá pa á. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ìbàdàn mú ọ̀kan lọ́wọ́, ó yí i wò, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ohun tí ìyàwó ọlọ́lá ń lò, ṣùgbọ́n aṣọ tí mo wọ̀ fún un, ti ọmọlangidi ni. Ó ní kí n lọ wá ilé irin fún un, kí n sì kó ogójì wá kí ọdún Àjíǹde tó dé.

Mo ra ìwé ńlá kan, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ wò lára irin tí ẹnikẹ́ni bá mú wá: bí ó ṣe wúwo tó, bí ìdérí rẹ̀ ṣe ń dún, bí ó ṣe ń dán, bí ó ṣe ń yí sókè àti sísàlẹ̀ láì há. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n bá mi ṣe òǹtẹ̀ rọ́bà méjì, ọ̀kan kọ YEGE, èkejì kọ KÒ YEGE. Bí mo bá rántí àwọn òǹtẹ̀ yẹn báyìí, ojú máa ń tì mí, nítorí kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé náà tí mo kọ ọ̀rọ̀ ara ènìyàn sí.

Oníṣòwò kan ní Èkó ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ó fẹ́lẹ́ bí agolo sadíìnì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì jìn wọnú. Ẹnì kejì ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń tajà lórí fóònù. Tirẹ̀ wúwo, ó sì rẹwà. Mo jù ú sílẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹta, kò tẹ̀. Mo rẹ òwú sínú lọ́fínńdà, mo fi nù ún, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí. Mo ti mú òǹtẹ̀ YEGE lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kẹ́míkà ní yunifásítì, ní kí n dúró ná. Ó ní kí n da ìtọ́tè sínú rẹ̀, kí n gbé e sí ibi tó móoru, kí n má sì ṣe ìdájọ́ kankan kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Ó ní irin àti òróró dà bí tọkọtaya tuntun: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sọ nǹkan kan fún ará ìta. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìpẹtà ti jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo tẹ KÒ YEGE sí i, mo sì gbóríyìn fún ọgbọ́n orí mi, bí ẹni pé èmi ni mo ronú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà.

Wẹ́dà kan ní Lágere ló wá júwe ọkùnrin kan fún mi ní ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n, ẹni tó ń fi àwọ̀ wúrà bo irin. Ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́ lọ nígbà tí mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn títì, níbi tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni bí àgbàlá náà ṣe mọ́. Kò sí ewéko kan ṣoṣo níbẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹsẹ̀ kànga. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ẹni tó mọ ilẹ̀ gbá báyìí yóò mọ iṣẹ́ ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta wà ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, níbi tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn gbà, ewé wọn sì ti rún ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ìgbà tí iná bá jó wọn. Mo rí i. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Òórùn kan wà nínú afẹ́fẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná, ó sì ń ta mí ní ọ̀fun, ṣùgbọ́n mo ti ń wo pákó tí ó to iṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ọkùnrin náà ní sùúrù, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ṣàlàyé fún mi pé inú ẹ̀rọ amúlétutù tó ti kú ni òun ti ń yọ páìpù bàbà, pé òun á gé e, òun á fi ásíìdì fọ̀ ọ́, òun á wá rì í sínú omi aláwọ̀ kan tí òun so wáyà bátìrì mọ́, kó tó jáde ní àwọ̀ wúrà. Ago kékeré tí ìtọ́tè ń jókòó sí nínú rẹ̀ pàápàá, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sábẹ́ ìbòrí páànù, ó ń fi aṣọ dán wọn. Ó fi ìborùn bo imú àti ẹnu. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó wọ̀ ti ya ní ìka mẹ́ta, èékánná tó yọ níbẹ̀ sì ti di àwọ̀ ìyeyè. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọlé lọ mú ọ̀rá tí n ó fi kó wọn wá, mo mú ọ̀kan lára àwọn irin náà, mo sì gbé e sẹ́nu bí obìnrin tó fẹ́ tọ́tè, kí n lè mọ bí etí rẹ̀ ṣe máa rí lára ètè. Ìyàwó náà na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ má fi kan ẹnu yín."

Mo bi í pé kí ló dé. Ọkọ rẹ̀ ti jáde padà láti inú ilé. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀. Ó yẹ kí n tún un bi. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú tèmi ń bẹ lára ohun tó ń dán. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù kí n má lọ fi itọ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni, mo sì bínú díẹ̀ nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń padà sílé.

Márùn-ún ni mo kó wálé fún àyẹ̀wò. Mo da ìtọ́tè sínú gbogbo wọn, mo gbé mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ìyá mi mú ìkarùn-ún. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ Ìsinmi kan tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìtọ́tè. Afínjú wọjà, ó rìn gbẹndẹ́kẹ. Tirẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ó ní kò ṣeé gbọ́ sétí pé ọmọ òun ń ṣe ìtọ́tè, kí òun máa ra ti ẹlòmíràn. Inú mi dùn débi pé n kò rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Obìnrin Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ó ní ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé ẹlòmíràn ti fẹ́ gba àyè mi lórí pẹpẹ òun. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo yọ ọ̀kan lára mẹ́rin náà wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Mo tẹ YEGE sínú ìwé mi, mo sì ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. Nígbà tí mo lọ kó ogójì náà, ìyàwó rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ rọ̀ sórí ìṣó. Ọkọ rẹ̀ ní ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìpetumodù. Mo ní Ọlọ́run á fún un lókun, mo sì ń ka irin mi lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà, mo da ìtọ́tè sínú gbogbo wọn, mo sì kó wọn lọ sí Ìbàdàn.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ ní ata ò ta lẹ́nu òun mọ́. Lẹ́yìn náà ó ní gbogbo oúnjẹ ń dà bí ìgbà tí òun bá lá kọ́bọ̀. Ó jáwọ́ nínú ọsàn jíjẹ, ó ní ooru ló fà á. Mo ṣe àkíyèsí pé ó ti ń tọ́tè lójoojúmọ́, kódà nínú ilé, ó sì ń kùn ún nípọn. Mo rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fi ń ṣe é. Ní ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pẹ̀lú áńkáṣíìfù lẹ́nu. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ ti wú, ó ti bó, ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ́tè sì ti dàpọ̀ lórí rẹ̀ tí n kò mọ èwo ni èwo. Mo bi í pé ṣé ó ń dùn ún tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì.

"Mo ń fi ìtọ́tè bò ó ni," ìyá mi wí, "kí o má baà rí i, kí ọkàn rẹ má baà kúrò lára iṣẹ́ rẹ."

Mo lọ mú ìtọ́tè náà nínú báàgì rẹ̀, mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́ láti ìdí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, bí èéhù tó ń hù lára ògiri kànga. Mo gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ti yàrá àyẹ̀wò ti wá bá mi, tó gba irin náà wò. Ó ní wọn kò fọ ásíìdì inú rẹ̀ tán, pé ó ti ń jẹ bàbà náà láti inú wá, bàbà náà sì ti wọ inú òróró. Kò bá mi wí nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí.

"Mélòó ló ti jáde?"

Láti ilé ìwòsàn ni mo ti gba Ìbàdàn lọ. Obìnrin náà kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Ó rò pé mo ti rí oníbàárà mìíràn ni. Nígbà tí mo fi fọ́tò ẹnu ìyá mi hàn án lórí fóònù, ó jókòó, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Méjìdínlógójì ló wà níbẹ̀. Ó ti ta méjì. Ọ̀kan lára àwọn tó rà á ní ọmọ òun fẹ́ ṣe ìyàwó, òun fẹ́ fi sínú ẹrù rẹ̀. Èkejì kò sọ nǹkan kan. Obìnrin Ìbàdàn kò mọ ilé wọn, kò mọ orúkọ wọn. Mo kọ ìkìlọ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, wọ́n bá mi kà á lójú ọdún àti lẹ́yìn ọdún. Kò sẹ́ni tó wá.

Ọkùnrin Ẹdúnàbọ̀n náà kò gbà pé nǹkan kan ṣe iṣẹ́ òun. Ó mú ọ̀kan lórí pákó, ó fi ahọ́n lá a níwájú mi, ó ní ṣé mo rí i pé òun kò kú. Oorun kò kùn ún, síbẹ̀ ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń wúkọ́ bí ó ṣe ń sọ ọ́. N kò bá a jà. Mo gba Ìpetumodù lọ. Mo bá ìyàwó rẹ̀ ní ìloro ilé ìyá rẹ̀, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi fún un.

"Bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní ilé ọkọ mi ni mo ṣe sọ ọ́," ó ní. "Ẹ ò tún béèrè."

Mo kúnlẹ̀ fún un, bí mo tilẹ̀ jù ú lọ. Àwọn ìyá rẹ̀ rò pé mo wá kí aláìsàn ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìyá mi fi mu ẹ̀kọ tútù kó tó lè jẹun. Ó wà láàyè, a dúpẹ́. Àpá funfun kan kù sí ètè rẹ̀, kò sì tọ́tè mọ́; bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá béèrè, ó ní àgbà ti dé. Kò fi ìgbà kankan dá mi lẹ́bi, ìyẹn ló sì wúwo jù. Mo ṣì ń ṣe ìtọ́tè, inú ike tó nípọn ni mo ń dà á sí, oṣù méjì gbáko ni mo sì ń dúró wò ó. Mo gbọ́ pé ọkùnrin Ẹdúnàbọ̀n ti kó lọ sí ìlú mìíràn. N kò mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ bá a lọ.

Ìgbàkigbà tí mo bá dé Ìbàdàn, ẹnu àwọn obìnrin ni mo máa ń wò, nínú ọkọ̀, ní báńkì, ní ìdí ìsọ̀. N kò mọ ohun tí n ó ṣe bí mo bá rí ohun tí mò ń wá. Nígbà mìíràn, ọ̀kan nínú wọn á bi mí pé kí ni mò ń wò. Mo máa ń sọ fún un pé àwọ̀ ìtọ́tè rẹ̀ ló wù mí.