Sìgá Kan Ṣoṣo Tó Kù Nínú Àpótí

Kí n tó sọ ohun tí ọlọ ṣe fún mi ní Arímògijà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń mọ sìgá tó dára yàtọ̀, nítorí èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n títí mo fi fẹ́ fẹ́ ìyàwó.

Sìgá tí mò ń wí kì í ṣe oníbébà funfun tí àwọn awakọ̀ máa ń fi há etí. Èyí sanra bí àtàǹpàkò àgbẹ̀, kò sì sí bébà kankan lára rẹ̀. Ewé tábà ni inú, ewé tábà ni ẹ̀yìn, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi wé e. Ẹyọ kan péré ni mo mọ̀ ní gbogbo Ọ̀wọ̀ nígbà náà. Inú àpótí igi kékeré kan ló wà, lórí kọ́bọ́ọ̀dù bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni. Ẹ̀rọ taìpù ni mò ń tún ṣe, láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ní Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í yára dá ènìyàn lóhùn. Òyìnbó ẹnjiníà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fún un ní àpótí sìgá náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ ńlá nìkan ni bàbá ń mu ún: ọjọ́ tí ọmọ bá ṣe ìrìbọmi, ọjọ́ tó ṣílé, ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì. Báyìí ni ó ṣe ku ẹyọ kan. Bàbá sì ti sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé ọjọ́ tí ọmọ òun obìnrin bá ń lọ sílé ọkọ ni òun máa mu èyí tó kù. Tí sìgá yẹn bá ṣì wà nínú àpótí, ọmọ òun ṣì wà nílé.

Nítorí náà, sìgá yẹn ni ìgbéyàwó mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ kí bàbá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Màá dọ̀bálẹ̀, màá dìde, màá jókòó.

"Bàbá, nípa ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lọ́jọ́sí."

"Mo gbọ́."

Ó parí nìyẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi kún un. Ó ní, "Ìwọ onítaìpù, tí ẹ̀rọ wọn kò bá bàjẹ́, kí ni o máa jẹ?"

Mo ní, "Sà, ó máa ń bàjẹ́ ni."

Ó ní, "Hùn-ún."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀. Mo jókòó dáadáa. Ó ṣí i bí ẹni ń ṣí Bíbélì, ó mú sìgá náà jáde, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Kọ́kọ́ wò ó," ni ó wí. "Awọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán díẹ̀, bí ìgúnpá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdín para. Iṣan ewé kò gbọdọ̀ yọ gàngà. Ó yọ?"

"Kò yọ, sà."

"Tẹ̀ ẹ́ láti orí dé ìdí. Jẹ́jẹ́! Tí ibì kan bá rọ̀ ju ibì kan lọ, ẹni tó wé e ti tòògbé níbẹ̀. Gbé e sétí."

Mo gbé e sétí.

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ń sọ̀rọ̀ ti gbẹ jù. Gbóòórùn ìdí rẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo ní ó jọ inú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó fáìlì sí.

Bàbá wo imú mi fún ìgbà díẹ̀. "Kòkó ni," ni ó wí, "kòkó tó ti lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹní nínú oòrùn. Lẹ́yìn kòkó, bàtà aláwọ tí ènìyàn kò tíì wọ̀ rí. Ṣùgbọ́n eérú ni ẹlẹ́rìí. Eérú sìgá tó dára kì í já bọ̀rọ̀. Ó máa dúró lẹ́nu rẹ̀, funfun, títí ènìyàn á fi ka lẹ́tà kan tán." Ó gba sìgá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Irú rẹ̀ kò sí mọ́. Ìjọba kò jẹ́ kí ọjà wọlé. Ti ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ mi nìyí. Èyí tí màá mu lọ́jọ́ tí ọmọ ọmọ mi bá dé, ibo ni màá ti rí i?"

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti kó bá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wà ní Arímògijà. Tábà ló ń gbìn láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Tó bá fojú rí èyí, ó máa wé irú rẹ̀ fún yín."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́rin, bàbá yí àga rẹ̀ kọjú sí mi.

Ó fi áńkáṣíìfù funfun wé sìgá náà, ó sì fún mi ní òfin: "Jẹ́ kí ó wò ó. Jẹ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀. Jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré. Má jẹ́ kí ó fi iná sí i. Kí o dá a padà fún mi bí mo ṣe fún ọ."

Mo pa gbogbo òfin wọ̀nyí mọ́. Kò sí èyí tí a rú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ obìnrin gíga, tí kì í rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rọ̀ tábà bá wà nílẹ̀. Láti Àfọ̀, láti Ìfọ́n, wọ́n máa ń gbé tábà wá fún un pé kó bá àwọn dá a lẹ́jọ́ kí àwọn tó rà á. Nígbà tí mo dé, ó ń yí ewé padà lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo tú áńkáṣíìfù.

"Màmá, ẹ bá mi wo èyí. Bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ ló ni ín. Ó ní kí ẹ sọ bó ṣe rí."

Ó gbà á. Ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń mu ún ni, Màmá. Wọ́n ń fi iná sí i."

"Iná?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ní wọ́n ń fi iyán fọṣọ. "Ṣé iná mọ adùn ni? Ohunkóhun tí o bá sọ síná, èéfín ló máa fún ọ. Lọ kí bàbá inú ilé, kí o jẹun. Fi èyí sílẹ̀ fún mi."

Bàbá inú ilé ni ọkọ rẹ̀. Mo wọlé kí i. Wọ́n gbé iyán sílẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi pé wọn kì í jẹ́ kí àlejò dìde nídìí iyán nílé yẹn tí kò bá rí ìsàlẹ̀ abọ́. Mo ń jẹ, mò ń gbọ́ ìró ọlọ lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé ata ni. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ọbẹ̀ mìíràn ń bọ̀.

Nígbà tí mo jáde, áńkáṣíìfù wà lórí àpótí ìjókòó, wọ́n ti ká a ní mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fi ìyẹ́ adìẹ gbá ojú ọlọ, ó ń gbá ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú sínú agolo ìpara kékeré kan.

"Màmá, sìgá dà?"

"Òun nìyí. Mo fi kán-ún díẹ̀ sí i."

Mo tú áńkáṣíìfù, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Gbogbo rẹ̀, Màmá?"

"Ewé tí wọ́n wé pọ̀, a kì í mú apá kan dá a lẹ́jọ́. Tí o bá lọ apá kan, apá kan lo gbọ́." Ó dé agolo náà pa. "Ìwọ lo ní kí n sọ bó ṣe rí. Ṣé o fẹ́ kí n fi ojú lásán purọ́ fún àna rẹ ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti ọmọbìnrin, ti àpótí, ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó ní, "Ó yẹ kí o ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ǹ bá lọ̀ ọ́ kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò jẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo ṣá. Ó ní bí òun ṣe ń tú sìgá náà ni òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe wé e: ewé tó lágbára ní àárín, ewé kan tó dè é bí ọ̀já, èyí tó lẹ́wà jù ní òde bí aṣọ. Ó fi ewé tirẹ̀ wé mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wọ́n omi kán-ún sí gbogbo wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo to irọ́ mẹ́ta sílẹ̀ de bàbá nínú ọkọ̀ láti Ìfọ́n dé Ọ̀wọ̀. Màá ní olè gbà á. Tàbí òjò pa á. Tàbí sọ́jà àyẹ̀wò kan ló gbà á mu. Irọ́ kẹta dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, bàbá ti gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, ó ti ṣí i, ó ń dúró de sìgá rẹ̀. Irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò lọ lórí mi. Mo gbé agolo ìpara síwájú rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Sìgá yín ni, sà."

Ó ṣí i. Ó wò ó. Ó dé e. Ó tún ṣí i.

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sà. Ìdájọ́ ló ń dá."

Bàbá tún wo inú agolo náà.

"Kí ni ìdájọ́ rẹ̀?"

"Ó ní ewé náà gbó dáadáa kí wọ́n tó já a. Ó ní ẹni tó sá a kò fi oòrùn kánjú. Ó ní ọwọ́ tó wé e, ọwọ́ àgbà ni. Ó ní àléébù kan ṣoṣo ló ní."

"Àléébù wo?"

"Wọn kò fi kán-ún sí i, sà."

Bàbá fi ìka méjì bu díẹ̀, ó fà á símú. Ó jókòó bí ère. Lẹ́yìn náà ó sín, ó sín, ó tún sín, títí ìwé ìròyìn orí tábìlì fi ṣí sí ojú ewé eré bọ́ọ̀lù. Ó nu ojú rẹ̀.

"Mẹ́rìnlélógún ni mo ti mu nínú àpótí yẹn," ni ó wí. "Kò sí ọ̀kan tí n kò sọ lọ́kàn mi pé nǹkan kan kù."

Ó wá gbé ìdájọ́ tirẹ̀ kalẹ̀: òun kò lè yí ọ̀rọ̀ òun padà, sìgá yẹn ni ọmọ òun máa bá lọ. Ọjọ́ tí agolo bá ṣófo, kí n kó àwọn ènìyàn mi wá. Kó tó ṣófo, kí n má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ní ti mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wé, ó tẹ̀ wọ́n, ó gbé wọn sétí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọwọ́ dára, ewé dára, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ó tò wọ́n sínú àpótí, ó sì gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni agolo máa lò. Èmi kò mọ bàbá. Ìwọ̀n orí ìṣáná kan ló ń bù lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ méjì méjì. Oṣù kan kọjá, agolo kò tíì dé ìdajì. Mo sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó dà bíi pé yóò darúgbó nílé bàbá rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àlejò kò ní jókòó tán nílé yẹn kí ọmọbìnrin náà tó gbé àwo jáde: obì, omi, agolo aáṣáà. Wọ́ọ̀dìn ìjọ wọn bù ú. Alhájì aránṣọ tó wà ní ọ̀kánkán bù ú, ó sì padà wá ní ìrọ̀lẹ́ láti wá béèrè àlàáfíà bàbá lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì wá ní mẹ́ta mẹ́ta. Bàbá ń wo agolo bó ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ta ni yóò fi aáṣáà du àlejò nílé ara rẹ̀?

Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè. Ó ní, "Àlejò ni mò ń tọ́jú. Ṣé kí n máa ṣe ahun ni?"

Ní ọjọ́ kọkànlá, bàbá ránṣẹ́ pè mí. Agolo náà wà lórí tábìlì, ó dojú dé. Ó gbé e sókè, ó fi ìka gbá ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó jábọ́.

"Ó ṣófo," ni ó wí. "Kó wọn wá. Obìnrin yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá. Lọ́jọ́ ìtọrọ, nígbà tí wọ́n mú ìyàwó mi jáde tí gbogbo ilé ń kọrin, òun àti bàbá jókòó ní igun kan, wọ́n ń jà lórí iye ọjọ́ tí ewé gbọ́dọ̀ lò lórí okùn. Wọ́n ní kí bàbá wá gbàdúrà fún wa. Ó ní kí a fara balẹ̀, obìnrin yìí kò tíì dá òun lóhùn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ tí a sọ ọmọ wa lórúkọ, bàbá gbé àpótí sọ̀kalẹ̀. Ó mú ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí, ó fi ìṣáná sí i. Eérú rẹ̀ gùn, ó funfun, kò já. Ó fà á dé ìdajì kí ó tó yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi lójú.

Ó ní, "Kò ku nǹkan kan."

Ìyẹn ní, "Mo mọ̀." Ó sì na ọwọ́ láti gba ọmọ náà.