Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fi Yorùbá Sílẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ ṣàánú mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní àdúgbò Bè. Ìlú Lomé yìí, ní Togo, ni wọ́n bí i sí. Bàbá tirẹ̀ ló ru ẹ̀rọ ìránṣọ wá láti Nàìjíríà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá mi tíì dé ilé, nígbà tí wọ́n ń sin ìyá rẹ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ ọ, Yorùbá ló sì fi tọ́ wa. Yorùbá tirẹ̀ ni o: Faransé á yọjú níbí, Mina, èdè ará Lomé, á jókòó lọ́hùn-ún, òun ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n wọlé. Kò sẹ́ni tíyẹn ń yà lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo wa la ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi wá parí ilé ẹ̀kọ́, mi ò ríṣẹ́, mo ní fóònù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń fi fídíò jẹun: ọ̀kan ń dáná, ọ̀kan ń kun ojú. Èmi ò mọ ọbẹ̀ sè, ẹ bi ìyá mi. Mo wo bàbá mi nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, tó fi téèpù kọ́ ọrùn, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa kọ́ àwọn èèyàn ní aṣọ gígé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò wo arúgbó?"

Ìkànnì tí mo ń lò kì í sanwó fún ẹni tó bá ní Lomé lòun wà. Ni mo bá fi àdírẹ́sì ìbátan mi kan ní Ìbàdàn forúkọ sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa níbí ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohun tí mi ò rò ni pé ibi téèyàn bá ní òun wà ni wọ́n máa gbé fídíò rẹ̀ lọ. Àwọn ará Nàìjíríà ló kọ́kọ́ rí bàbá mi.

Nínú fídíò àkọ́kọ́, ó ń gé ṣòkòtò. Ó ní, "Ẹ mú ciseaux yín, doucement. Aṣọ kò fẹ́ vite-vite. Tẹ́ ẹ bá ti gé e, c'est fini, ẹ ò lè lẹ̀ ẹ́ mọ́." Àlùmọ́gàjí ló ń pè ní ciseaux o; doucement, ẹ rọra ni; vite-vite, wàdùwàdù ni. Nígbà tó parí, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?" Mo ní, "Ó dáa, Bàbá." Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gé fídíò nígbà náà. Bó ṣe wà ni mo ṣe gbé e síta.

Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, ó ti gba ìlú. Mo fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. "Yorùbá wo lèyí?" "Bàbá yìí ti sọnù sí Togo, ẹ bá wa dá a padà." "Ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!" Kò sẹ́ni tó béèrè nípa ṣòkòtò.

Bàbá mi ò mọ̀wé kà. Ó jókòó tì mí, ó ń retí. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Wọ́n ní ẹ mọṣẹ́."

Ojú rẹ̀ tàn. "Àṣé wọ́n ti mọ̀ mí nílé báyìí!"

Láti ọjọ́ yẹn, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì, á ya irun, kí n tó gbé fóònù sókè. Á máa sọ fún ará àdúgbò pé àwọn ará ilé ń wo òun. Èmi ní tèmi ti rí i pé ẹ̀rín ló ń mówó wá. Fídíò tí kò bá sí Faransé nínú rẹ̀, ẹṣinṣin ò ní bà lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ẹ́: "Bàbá, kí lẹ ń pe eléyìí? Ẹ tún un pè." Tó bá pè é bó ṣe ń pè é, ibẹ̀ nìkan ni màá gé, màá sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà sókè ojú ìwé náà: "Ẹ wá gbọ́ Bàbá tó sọ Yorùbá nù sí Lomé." Nínú owó ẹ̀ ni mo ti ra fáànù sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti tàn án ló ń ṣàdúrà fún mi. Orí mi ò!

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kó ẹrù láti Èkó wọ Lomé gbé aṣọ wá fún un. Mo wà níbẹ̀, mò ń rán bọ́tìnnì. Bó ṣe gbọ́ ohùn bàbá mi báyìí, ó pariwo: "Háà! Bàbá apanilẹ́rìn-ín! Àṣé ibí lẹ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀kan kí n gbọ́!"

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi. Ó rò pé bàbá mi mọ̀ ni. Ó fa fóònù yọ, ó ń ka ohun tí àwọn èèyàn kọ fún un, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mò ń ṣẹ́jú sí i, kò rí mi. Bàbá mi ní kó ka èyí tó wà lókè pátápátá. Ó kà á.

"Ta ló kọ ìyẹn?"

"Ẹni tó ni ojú ìwé náà ni, Bàbá. Ẹni tó ń ṣe é fún yín."

Bàbá mi wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó yí padà sí oníbàárà rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti èjìká dé orúnkún, Faransé ló sì fi ń ka ìwọ̀n náà. Kò fi Yorùbá kankan kún un.

Nígbà tí oníbàárà náà lọ, mo kúnlẹ̀, mo gbá ẹsẹ̀ bàbá mi mú, mo sunkún. Ó fi Mina dá mi lóhùn pé kí n dìde, pé òun ti gbọ́. Mina! Èdè tó fi ń ná òwú lọ́jà. Mo rò pé ìbínú ọjọ́ kan ni. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí.

Kò bá mi jà o. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń béèrè àlàáfíà mi, gbogbo ẹ̀ ní Mina. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá bu omi fún un, á ní, "O ṣé, ọmọ mi. Wàá rí ẹni ṣe é fún ẹ." Ní báyìí, "Akpé" ló kù, èyí tó ń sọ fún ọlọ́kadà. Ẹ̀gbọ́n mi bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní Yorùbá tòun ti bàjẹ́, àwọn ará ilé ti wí bẹ́ẹ̀, òun ò sì fẹ́ fi ba tàwọn ọmọ jẹ́. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ohun tó ń pa mí nìyẹn.

Mo pa ojú ìwé náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíì ti kó àwọn fídíò náà pamọ́. Lóṣù tó kọjá, mò ń ra tòmátì létí títì ní Totsi. Obìnrin ará Nàìjíríà kan dúró níwájú mi, ó ń wo fóònù, mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi: "Aṣọ kò fẹ́ vite-vite." Fídíò àkọ́kọ́ ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ kọjá sí òmíràn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí."

"Ọmọ mi, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa, Bàbá."

Obìnrin náà wo ojú mi. "Àǹtí, kí ló dé? Ṣé ẹ mọ bàbá yìí ni?"

Mo ní, "Bàbá mi ni. Ẹ bá mi tún un ṣí kí n gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti pè mí ní 'ọmọ mi' gbẹ̀yìn."