Ẹja Tó Wà Lẹ́nu Ẹyẹ

Bí mo bá ń yin ara mi nínú ìtàn yìí, ẹ gbà fún mi. Ìyà ti jẹ mí tó.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé kámẹ́rà kiri wá àwòrán kan ṣoṣo: ẹyẹ apẹja, aláwọ̀ dúdú àti funfun, bó ṣe ń gbé ẹja jáde nínú omi gẹ́lẹ́. Wọ́n fẹ́ pàtẹ àwọn àwòrán mi ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Àgbádárìgì, mo sì ti fọ́nnu kiri pé ìyẹn ló máa wà láàárín. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ó ku ọjọ́ méjì, ìrù ẹyẹ nìkan ni mo rí yà.

Bàbá mi ló ń tukọ̀ gbé mi kiri àbàtà tó wà nítòsí Gberefu. Apẹja ni wọ́n kí ìbàdí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, tí wọn ò lè fa àwọ̀n mọ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ omi mọ́, ó sì ń dùn wọ́n ju ìbàdí lọ. Eré ọmọdé ni wọ́n ka iṣẹ́ mi sí. Ẹyẹ tí a kì í jẹ, kí ni mo ń yà á fún?

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tún ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ẹyẹ káàkiri, ọkọ̀ ń mì. Bàbá gbé àjẹ̀ lé ẹsẹ̀. Èdè Ègùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi bú mi kí wọ́n tó padà sí Yorùbá.

"Gbójú kúrò lára ẹyẹ," wọ́n ní. "Ẹja ni kí o wá. Ibi tí ẹja bá wà, ẹyẹ ń bọ̀ níbẹ̀."

Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, ẹyẹ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹja wà. Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n náà ṣeé yí padà. Wọ́n tẹjú mọ́ omi títí, wọ́n wá nawọ́ sí ibì kan lẹ́bàá eèsún. Èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àmọ́ mo kọjú kámẹ́rà síbẹ̀, mo dúró. Nígbà tó pẹ́, ẹyẹ náà dé, ó ń lu apá lójú kan lókè omi, ó sì já wọnú rẹ̀. Mo tẹ kámẹ́rà. Ẹyẹ jáde, ẹja ń jà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọnú àwòrán mi, láìku ìyẹ́ kan. Orí mi wú.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, mo dúró ti àwòrán náà bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ń yìn mí, mo ń gbà á, mi ò dá ọ̀kan padà. Bàbá wọlé pẹ̀lú ọ̀pá wọn, àwọn apẹja méjì tí àwọn àti Bàbá jọ ń dẹ àwọ̀n láyé ọjọ́sí tẹ̀lé wọn. Ọ̀kan ní ẹyẹ náà mà dára o.

Bàbá fi ọ̀pá tọ́ka sí ẹnu ẹyẹ.

"Ẹ fi ẹyẹ sílẹ̀, ọmọ mi ló ni ín," wọ́n ní. "Ẹja yẹn ni kí ẹ wò. Èmi ni mo rí i."

Àwọn méjèèjì sún mọ́ àwòrán náà, wọ́n wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí bàbá mi, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ibo gan-an lẹ ti rí i nínú àbàtà yẹn?"