Bọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Mo Gbé Wọ Ìwé Ìsìnkú

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, táńtì mi tó ń ta epo pupa ní Ìgólò jókòó tì mí nínú ilé wa ní Ìfàngní, ó ní kí n bá òun kọ̀wé ní Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá oníbàárà rẹ̀ kan ní Ìdí-Ìrókò, ní òdìkejì ibodè, ti papòdà. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ọ̀rọ̀ táńtì mi yóò sì wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò. Kò fẹ́ kí ojú ti òun láàárín ẹbí yẹn.

"Kọ ọ́ pé bí mo bá gbé ẹrù dé, bàbá máa ń gbé àga fún mi kí wọ́n tó bi mí léèrè epo."

Èmi tí mo gba lísáńsì, oyè yunifásítì, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo rò pé ọ̀rọ̀ àga kéré jù. Mo fò ó. Ohun tí mo rò jù ni pé a kì í la ẹnu sọ pé àgbà kú. Mo ṣí ìwé tí mo ń kó àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì jọ sí, mo rí ọ̀kan tó dúró fún ikú: pé ẹni náà ta bọ́kẹ́ẹ̀tì nípàá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé atúmọ̀ méjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. Pé ẹ̀fẹ̀ ni àwọn tó ni èdè ń fi í ṣe, n kò kà á dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí a fi ìwé náà ránṣẹ́, oníbàárà náà pè. Táńtì mi jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ìyá Elépo, ta ló bá yín kọ ìwé yìí?"

"Ọmọ mi tó gboyè ni."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní omi ẹ̀rọ là ń lò nílé wa. Bàbá ò ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ta nípàá."

Mo ṣàlàyé fún táńtì mi. Àlàyé náà gùn ju ìwé tí mo kọ lọ.

"Àga ńkọ́?" ó béèrè.

"Mo yọ ọ́, Táńtì."

"Àga tí mo fún ọ, o yọ ọ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí n kò fún ọ, o gbé e wọlé."

Mo tún ìwé náà kọ: gbólóhùn mẹ́ta, àga wà níbẹ̀, kò sí àkànlò kankan.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo tẹ̀ lé táńtì mi kọjá ibodè. N kò lè búra pé wọ́n ti dárí jì wá. Ẹ̀rín tí oníbàárà náà rín sí mi lè jẹ́ oríṣi méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ táńtì mi wà ní ojú ìwé kẹsàn-án, mo kà á. Ẹnì kan nínú ẹbí náà sì gbé àga fún un kí ó tó kí ẹnikẹ́ni, mo rí i. Èmi wà ní ìdúró.